Ohun Tí Ojú Kò Rí Nínú Ìkarahun

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi wá léèrè bóyá ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni àlùfáà wá fi ṣe iṣẹ́ báyìí. A dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni, àti pé àlùfáà kan wà nínú rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àlùfáà náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù November, ọdún 1902, wọ́n se àsè ńlá ní ìlú Winchester, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní orúkọ Olórí ìlú. Ní ọjọ́ kan náà, wọ́n se irú rẹ̀ ní Southampton, ìlú èbúté tí kò jìnnà sí i. Lára àwọn tí ó jókòó ti tábìlì ní Winchester ni Ẹni Ọ̀wọ̀ William Richard Wood Stephens, Díìnì Kàtídírà ìlú náà, ọ̀mọ̀wé tí ó ti kọ ìwé lórí ìgbésí ayé Jòhánù Krísósítómù Mímọ́. Wọ́n gbé ọ́ísítà kalẹ̀ fún àwọn àlejò. Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọjá, ibà táífọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, sì dá àwọn kan dùbúlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù December, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́ta, Díìnì Stephens kú. Kì í ṣe òun nìkan ni ó kú.

Fún àǹfààní ẹ̀yin tí kò rí ọ́ísítà rí, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ẹran rírọ̀ kan ni, tí kò ní egungun, tí ń gbé láàárín ìkarahun méjì tí ó pa dé mọ́ ara wọn bí ìwé tí a pa dé. Ibi tí omi òkun ti ń pàdé omi dídùn ni ó fẹ́ràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìsàlẹ̀ omi ni ó ń wà. Ní etí ọ̀sà tiwa, irú tiwa a máa lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà tí ó dúró nínú omi, àwọn obìnrin etí omi a sì máa fi àdá ré e kúrò níbẹ̀. Wọn a sè é, kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tàbí kí wọ́n tó tà á. Ṣùgbọ́n àwọn Òyìnbó a máa ṣí ìkarahun náà, wọn a fún omi ọsàn kíkan díẹ̀ sí i, wọn a sì gbé e mì ní tútù, nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò rán wa létí òfin Mósè nípa ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ́ àti ìpẹ́. A kò gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni a wá jiyàn lé lórí lónìí.

Ìjọba rán Dókítà Bulstrode láti wádìí ọ̀ràn Winchester àti Southampton. Ìwádìí fi hàn pé ọ́ísítà ni ó gbé àrùn náà dé, àti pé láti Emsworth ni ọ́ísítà àsè méjèèjì ti wá. Ìlú kékeré létí òkun ni Emsworth, tí òkìkí ọ́ísítà rẹ̀ sì ti kàn káàkiri. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ìgbìmọ̀ ìlú ti ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ka sí ìlọsíwájú: wọ́n ti la gọ́tà sí abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ̀gbin ilé má baà máa ṣàn ní ojú pópó mọ́. Ojú pópó sì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu gọ́tà náà já sí etí òkun, nítòsí ibi tí àwọn oníṣòwò ń tọ́jú ọ́ísítà wọn pamọ́ sí. Ìdọ̀tí kúrò ní iwájú ilé, ó sì padà wá sí orí tábìlì.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹni tí ó rí ohun kan tí kò tọ́ nínú ọ́ísítà náà. Kò rùn. Àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ẹni tí ó tà á kò mọ̀, ẹni tí ó sè àsè kò mọ̀, ẹni tí ó gbé e mì kò sì mọ̀. Bí ẹja bá bàjẹ́, imú wa a sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ọ́ísítà tí ó ní kòkòrò táífọ́ọ̀dù nínú lè jẹ́ ọ́ísítà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Báwo ni kòkòrò náà ṣe ń wọ inú rẹ̀? Ẹ wo ìyá elẹ́kọ nígbà tí ó bá ń sẹ́ ògì. A da ògì sínú aṣọ asẹ́, omi àti ògì dáadáa a kọjá lọ, èérí a sì kù sínú aṣọ. Bí ó bá sẹ́ ìkòkò kan, èérí kékeré ni. Bí ó bá sẹ́ ogún ìkòkò nínú aṣọ kan náà láìgbọ̀n ọ́n dà nù, èérí a di òkìtì. Asẹ́ ni ọ́ísítà. Kò lè rìn lọ wá oúnjẹ, nítorí náà ó ń fa omi wọlé ní ìhà kan, ó ń tú u jáde ní ìhà kejì, ó sì ń mú gbogbo ohun kéékèèké tí ó wà nínú omi náà fún oúnjẹ ara rẹ̀. Omi tí ọ́ísítà kan ń sẹ́ báyìí láàárín ọjọ́ kan ju garawa mélòó kan lọ. Ohun tí ìyá elẹ́kọ ń dà nù gan-an ni ọ́ísítà ń kó jọ. Nítorí náà omi lè dà bí ẹni pé ó mọ́, kí kòkòrò inú rẹ̀ má sì pọ̀, kí ti inú ọ́ísítà sì pọ̀ gidigidi. Nígbà tí ẹ̀yin bá sì jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹran rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ ń jẹ, ẹ̀ ń jẹ ikùn rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú ikùn náà.

Nísinsìnyí a dé ilé àyẹ̀wò. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kòkòrò táífọ́ọ̀dù ni àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù kì í sábà pọ̀. Ó lè wà lónìí kí ó má sí lọ́la, gẹ́gẹ́ bí aláìsàn ti wà nínú ìlú tàbí tí kò sí. Ẹni tí ó bá wá a tí kò rí i kò tíì lè sọ pé ewu ti tán. Kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń wá, èyí tí dókítà ará Jámánì kan, Theodor Escherich, ṣàpèjúwe ní ọdún 1885, tí a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní: *Escherichia coli*. Inú ìfun gbogbo wa ni kòkòrò yìí ń gbé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú rẹ̀ kì í sì í pa ènìyàn lára níbẹ̀. Kí ló dé tí a ń wá ohun tí kò léwu? Bí a bá bá ìgbẹ́ ewúrẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a kò ní láti rí ewúrẹ́ náà kí a tó mọ̀ pé ó wọlé. Níbi tí kòkòrò ìfun bá wà, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Níbi tí ìgbẹ́ bá sì ti dé, táífọ́ọ̀dù àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dé ní ọjọ́ kọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé àpò ọ́ísítà kan láti inú omi dé ilé àyẹ̀wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn a mú ó kéré tán mẹ́wàá láti ojú ibi kan náà nínú omi, wọn a sì gbé wọn wá nínú àpótí tútù, nítorí pé bí ooru bá mú wọn lọ́nà, kòkòrò lè bí sí i, kí àyẹ̀wò sì di irọ́. Wọn a fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 24. Wọn a fọ ẹ̀yìn ìkarahun lábẹ́ omi mímọ́. Wọn a fi ọ̀bẹ tí a ti fi iná pa kòkòrò ara rẹ̀ ṣí i, wọn a da ẹran àti omi inú rẹ̀ pa pọ̀, wọn kò gbọdọ̀ da omi náà nù. Lẹ́yìn èyí ni wọn a lọ̀ ọ́ kúnná, bí ẹni lọ ata, wọn a sì bu omi là á.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ wa jù ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó lè jókòó ka kòkòrò inú ọ́ísítà lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Wọn a to ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ 15 sí ọ̀nà mẹ́ta, márùn-ún márùn-ún. Omi oúnjẹ kòkòrò wà nínú wọn, tí a fi ṣúgà inú wàrà sí, tí a sì fi aró kan sí tí ó mú kí ó ní àwọ̀ àlùkò. Nínú ìgò márùn-ún àkọ́kọ́, wọn a fi ìwọ̀n ọ́ísítà tí ó tó gíráàmù 1 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú márùn-ún kejì, ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù. Nínú márùn-ún kẹta, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn a gbé gbogbo wọn sínú àpótí tí ooru rẹ̀ jẹ́ 37 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tí í ṣe ooru ara ènìyàn, fún ọjọ́ kan. Kòkòrò tí ó bá wà níbẹ̀ yóò jẹ ṣúgà náà, yóò sì sọ omi náà di kíkan, bí ògì ti ń kan. Nígbà tí omi bá kan, àwọ̀ àlùkò yóò di àwọ̀ ìyeyè.

Ṣùgbọ́n kòkòrò mìíràn wà tí ó lè jẹ ṣúgà náà. Nítorí èyí, wọn a mú díẹ̀ nínú ìgò kọ̀ọ̀kan tí ó yí àwọ̀ padà, wọn a fi ra ojú ágà tí ó wà nínú àwo pẹlẹbẹ, wọn a sì gbé e sínú ooru 44. Ooru yìí pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn, ṣùgbọ́n kòkòrò Escherich lè fara dà á. Bí òun bá ni, àmì rẹ̀ yóò hù lórí ágà náà ní àwọ̀ aró tí ó dà bí ẹni pé ewé wà nínú rẹ̀.

Ẹ gbà wá láàyè kí a yà díẹ̀ nítorí ágà yìí, nítorí pé àwọn ìyá wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn amòye Jámánì tí ó wà lábẹ́ Robert Koch ń fi ohun dídì tí a rí láti ara egungun ẹran tọ́ kòkòrò. Kò dára, nítorí pé bí ooru bá mú, a yọ́, gbogbo iṣẹ́ a sì dàrú. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá Koch ṣiṣẹ́, Fanny Hesse ni orúkọ rẹ̀, ni ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó lo ágà, ohun kan tí a ń rí láti inú koríko òkun, tí òun tìkára rẹ̀ ń lò nínú ilé ìdáná láti fi mú oúnjẹ dì. Ó ń dì bí ẹ̀kọ tí ó tutù, kì í sì í yọ́ nínú ooru ilé. Láti nǹkan bí ọdún 1882 títí di òní, kò sí ilé àyẹ̀wò kòkòrò ní ayé tí kì í lò ó. Láti inú ìkòkò obìnrin ni ó ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn ọkùnrin ni a ń rántí jù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgò wa. Kí ni a ń rí kà láti inú àwọn ìgò 15 náà? Ẹ rò ó bí ìkòkò ìrẹsì tí òkúta wà nínú rẹ̀. Bí a bá bu ìgbakọ márùn-ún, tí òkúta sì wà nínú gbogbo márùn-ún, tí a wá bu ṣíbí kékeré márùn-ún, tí kò sí òkúta nínú ìkankan, a lè fojú díwọ̀n bí òkúta inú ìkòkò náà ti pọ̀ tó, láìdà á sílẹ̀ kà. Báyìí ni. Bí gbogbo ìgò márùn-ún àkọ́kọ́ bá ní kòkòrò, tí àwọn mẹ́wàá yòókù kò sì ní, ìwé ìṣirò yóò fi hàn pé kòkòrò náà tó 230 nínú gíráàmù 100 ẹran ọ́ísítà. Bí kò bá sí nínú ìgò kankan, wọn kì í kọ pé kò sí rárá. Ohun tí wọ́n ń kọ ni pé kò tó 18. Ìkọ̀wé yìí wù wá. Ẹni tí ó wọn nǹkan tí ó sì mọ ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ parí sí, olóòótọ́ ni.

Iye 230 yìí kì í ṣe iye lásán. Òun ni òfin Yúróòpù fi ya omi sọ́tọ̀. Ibi tí iye ọ́ísítà rẹ̀ kì í sábà kọjá 230 ni wọ́n ń pè ní ipò kìíní, a sì lè tà á tààrà fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ní tútù. Ibi tí iye rẹ̀ ń dé 4,600 ni ipò kejì. A kò gbọdọ̀ tà á fún jíjẹ ní tútù àfi kí a kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ipò kẹta lè dé 46,000, wọn a sì máa gbé ọ́ísítà irú ibẹ̀ lọ sínú omi mímọ́ fún oṣù méjì ó kéré tán, tàbí kí wọ́n fi iná sè é. Ju èyíinì lọ, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Wíwẹ̀ tí a wí yìí yani lẹ́nu. Asẹ́ tí ó kó ẹ̀gbin jọ ni ó tún lè fọ ara rẹ̀. Bí a bá gbé ọ́ísítà tí ó ṣì wà láàyè sínú omi òkun tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, yóò máa fa omi mímọ́ wọlé, yóò sì máa tú ìdọ̀tí jáde. Ní Conwy, ní ilẹ̀ Wales, ni Dókítà Dodgson ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀nà yìí lára irú ẹran oníkarahun mìíràn tí a ń pè ní mọ́sẹ̀lì, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1928. Lónìí, fìtílà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pa kòkòrò ni wọ́n sábà ń lò láti sọ omi náà di mímọ́, wákàtí 42 ni ó sì kéré jù tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bèèrè lọ́pọ̀ ìgbà.

A kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá dákẹ́ síbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí kò lè dé. Àrùn kan wà tí ohun tí ń fà á kéré ju kòkòrò wọ̀nyí lọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Wọn kì í tètè jáde kúrò nínú ọ́ísítà nígbà tí a bá wẹ̀ ẹ́. Kòkòrò Escherich lè ti lọ tán, kí fáírọ́ọ̀sì ṣì jókòó. Ní ìlú Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, àwọn ènìyàn jẹ irú ẹran oníkarahun kan tí iná kò kàn dáadáa, tí ó wá láti inú omi tí ìgbẹ́ ti dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni àrùn ẹ̀dọ̀ kọ lù. Ẹ̀ka kòkòrò mìíràn sì wà tí kò bá ìgbẹ́ dé rárá. Inú omi iyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni ilé rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé, ìbátan kòkòrò onígbáméjì ni. Ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, ní ọdún 1950, ọ̀kan nínú wọn pa 20 ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹja wẹ́wẹ́, láti ìgbà náà ni a sì ti mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ń gbé etí omi gbígbóná, èyí kàn wá ju bí ó ti kan ará Winchester lọ. Omi lè mọ́ kúrò nínú ìgbẹ́ pátápátá kí ẹni yìí ṣì wà níbẹ̀, a sì ní láti fi àyẹ̀wò tirẹ̀ wá a lọ́tọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí a rò. Ẹ ti gbọ́ pé ìgò lo ọjọ́ kan, ágà sì lo òmíràn. Kí èsì tó dé, a ti lè jẹ ọ́ísítà ọjọ́ náà tán. Nítorí náà, kì í ṣe àwo tí ó wà níwájú yín ni ilé àyẹ̀wò ń dá láre tàbí lẹ́bi. Omi tí ó ti wá ni. Lẹ́yìn tí ọ́ísítà ti kó táífọ́ọ̀dù bá nǹkan bí 1,500 ènìyàn ní Amẹ́ríkà ní àárín ọdún 1924 sí 1925, tí nǹkan bí 150 sì kú, àwọn ará ibẹ̀ pàdé ní oṣù February 1925, wọ́n sì fi ìdí ètò wọn múlẹ̀ lórí èyí gan-an: kí a mọ omi, kí a ṣọ́ omi, kí a kọ orúkọ ibi tí a ti kó ọ́ísítà sí ara ẹrù rẹ̀, kí ó má ṣe sọnù lọ́nà ọjà.

A rántí nígbà tí a wà ní ọmọdé bí àwọn ìyá wa ti máa ń da omi inú àmù nù kíákíá bí wọ́n bá gbọ́ pé wolé-wolé ń bọ̀. A ka ọkùnrin náà sí ọ̀tá. Àwa náà, nígbà tí a di àlùfáà ọ̀dọ́, a ti bá ọ̀kan jà ní ọgbà ilé wa nítorí kànga tí ó ní kí a dí, ohùn wa sì le sí i ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ní ṣáláńgá wà nítòsí rẹ̀ jù. Omi kànga náà mọ́ gaara, a sì fi igbá bu díẹ̀ hàn án kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Kò wo inú igbá náà rárá. Ṣáláńgá ni ó ń wò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó ka ọ̀ràn Emsworth, nígbà náà ni a sì mọ ohun tí ó rí.

Kí ni ó dé bá àwọn ará Emsworth? Ìlú wọn kò lè tà mọ́. Ọkùnrin kan tí ó jẹ́ olórí nínú àwọn oníṣòwò ọ́ísítà ibẹ̀, Foster, pe ìgbìmọ̀ ìlú Warblington lẹ́jọ́ nítorí ẹ̀gbin tí wọ́n tú sí ọ́ísítà rẹ̀ lórí. Ẹjọ́ náà dé kóòtù gíga, ní ọdún 1906 wọ́n sì dá a láre. Ó borí. Ṣùgbọ́n òwò náà kò padà bọ̀ sípò bí ti àtijọ́ mọ́.

Alàgbà Alága, a rí i pé ẹ ti ń wo aago, ìyá kan ní ẹ̀yìn sì ti na ọwọ́ sókè láti ìgbà tí a ti dárúkọ ìṣáwùrú inú ọ̀sà fún un lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé. Bí ẹ bá gbà, òun ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.